Ariwo Ìwé Kíkà ní Kíláàsì Tí Kò Ní Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó oṣù olùkọ́.

1.
Bàbá kan ló ní ilé-ìwé aládàáni. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì àṣekágbá níbẹ̀. Láti kékeré lọmọ náà ti ń di aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ bèbí ìṣeré rẹ̀ bí ẹni ń di egbò, bó ṣe di Nọ́ọ̀sì lẹ́nu ará ilé nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà ìṣirò wọlé wá bá Alága. Ìyàwó tíṣà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, owó yìí ò gbé wa dé ìdajì oṣù mọ́."

Alága rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà ni?"

"Mo mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n onílé mi ò tíì lọ sọ́run."

Alága ní kò sówó. Irọ́ ni. Ó ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tuntun lẹ́yìn ọgbà.

2.
Tíṣà ìṣirò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń ta táìlì. Ti kẹ́mísìrì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wá béèrè iṣẹ́ gbọ́ iye owó oṣù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn ò padà wá.

Ẹ wá wo ọgbọ́n tí Alága dá. Ó ní kíláàsì tí kò bá ti ní tíṣà, kí wọ́n máa ka ìwé pa pọ̀ lóhùn òkè, kí òbí tó ń kọjá lè gbọ́. Àwọn òbí gbọ́, inú wọn dùn. Alága náà á jókòó sí ọ́fíìsì, á gbọ́ ohùn Nọ́ọ̀sì láàárín wọn, á máa mi orí. Ó ti gbàgbé pé òun lòun pàṣẹ ariwo náà.

"Bàbá, a ò rẹ́ni ṣàlàyé fún wa," Nọ́ọ̀sì sọ fún un.

"Ṣáà máa kà á. Á yé ẹ."

3.
Ọjọ́ ìdánwò ilé-ìwé nọ́ọ̀sì pé. Àgbà nọ́ọ̀sì kan sọ bí ọmọdé kan ṣe wúwo tó, ó ní kí ọmọ Alága ṣírò ìwọ̀n oògùn tó yẹ ọmọdé náà. Ó ka òfin ìṣirò náà bí ayékòótọ́. Wọ́n ní kó ṣe é. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó fà á fún wọn.

Àgbà nọ́ọ̀sì náà wò ó pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, ọmọ tó bá lo èyí máa kú."

4.
Alága sáré lọ bá tíṣà ìṣirò ní ṣọ́ọ̀bù táìlì. Ó ní kó padà wá, òun á san ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù rẹ̀.

"Ẹ pẹ́ jù, sà. Ebi tó pa ọmọ mi nígbà yẹn, mi ò ní jẹ́ kó tún pa á."

Ó padà sílé. "Nọ́ọ̀sì," ó pè.

"Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọmọ náà tún ìdánwò ṣe, pàbó ló já sí. Àwọn òbí gbọ́, wọ́n kó ọmọ wọn lọ, owó sì tán lọ́wọ́ Alága. Lónìí, ara Alága ò le mọ́, ọmọ náà ló ń mú àwọn tó fẹ́ ra pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ọ̀hún wọ yàrá dé yàrá. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ̀yin onílé-ìwé, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ìjọba, ẹ gbọ́ o: olùkọ́ tí ebi ń pa kò ní dúró, tó bá sì lọ, ọmọ yín ló máa jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.