Òórùn Tó Wà ní Ṣọ́ọ̀bù Afínjú

Òórùn náà ló lé àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá gbé irin wá fún Afínjú kò ní dúró gbà á mọ́. Yóò fi ọwọ́ bo imú, yóò ní òun ń bọ̀, ó di gbére. Òórùn ẹran tó ti bàjẹ́ ni, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun, ó ń ru èébì sókè. Ẹ gbà mí, kí ni irin fẹ́ fi rùn bẹ́ẹ̀?

Afínjú fúnra rẹ̀ ló ń bínú jù. Torí pé ó máa ń fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan sípánà ni wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun náà ló wá ń tutọ́ kiri, tó ń gbá ilẹ̀ tó ti gbá tẹ́lẹ̀. Ó ní léètì ni. Léètì yẹn, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè máa fá a, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú àga onígi kan tí bàbá náà jókòó lé ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé. Afínjú kì í jókòó lórí àga yẹn. Ó ní oníléètì tó bá ti jókòó, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ní ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń yí léètì ló ti jóná nínú tó ń rùn, àti pé ariwo rẹ̀ pàápàá ti sú òun.

Ìyàwó rẹ̀ gbà á gbọ́. Aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kò wọ yàrá mọ́, ìta ló ń sá a sí. Nígbà tó yá, ọkọ náà gan-an kò wọ yàrá mọ́. Ó ní àwọn olè ti ń wo ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ni òun yóò máa sùn. Obìnrin náà kò bá a jiyàn. Ká má purọ́, ara tù ú.

Oníbàárà kan péré ló kù, Ìyá Onípọ́ǹpù, tó máa ń kó ọ̀pá irin wá fún pọ́ǹpù omi. Òun náà ti wí i pé tí òórùn yìí bá tún pàdé òun, òun á gba ibòmíràn lọ. Bí ìyá yẹn bá lọ, ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé nìyẹn. Ni ìyàwó bá ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ iná, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Rìwáyà, pé kó wá yọ ìdọ̀tí náà dànù, kó fi ẹ́ńjìnnì tuntun sí i.

Rìwáyà so àkísà mọ́ imú kó tó wọlé. Ó gbé ẹ́ńjìnnì tuntun wá, kò tó ìdajì ti àtijọ́, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tó ní bọ́tìnnì yíyí lójú. Ó ṣàlàyé pé àpótí yẹn ni yóò máa sọ fún ẹ́ńjìnnì bí yóò ṣe sáré tó. Bí ẹ bá ní kó rìn bí ìgbín, yóò rìn bí ìgbín, ẹ ò sì ní gbọ́ ariwo. Afínjú wo àkísà imú rẹ̀ tìkà-tẹ̀gbin, ó bi í bóyá ó tiẹ̀ wẹ̀ láàárọ̀.

Rìwáyà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní afínjú wọjà, ó rìn gbẹndẹ́kẹ, ọ̀bùn wọjà, ó rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀. Kí ló dé tí ẹ̀yin ń rìn ṣùẹ̀ṣùẹ̀?”

Afínjú ní bàtà iṣẹ́ òun ló wúwo.

Rìwáyà lọ tọ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó padà wá pẹ̀lú ìríra. Èèrà ti ṣù bo ìdí ògiri tí wọ́n máa ń tọ̀ sí. Ó béèrè ta ló da ọtí ẹlẹ́rìndòdò síbẹ̀. Afínjú, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì omi kúrò lẹ́nu, ní ọ̀bùn pọ̀ ládùúgbò.

Wọ́n tú àwọn bóòtù tó de ẹ́ńjìnnì àtijọ́ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e sọ̀kalẹ̀. Igun rẹ̀ bà lé bàtà Afínjú lọ́tùn-ún, ó sì jókòó síbẹ̀. Afínjú ṣì ń bú bóòtù tó dípẹtà, títí Rìwáyà fi ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yín.” Ó wo ilẹ̀. Ó ní irin ni wọ́n fi bo orí bàtà náà, kò lè kan òun lẹ́sẹ̀.

Abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ti bá eku: ìtẹ́ àkísà, ìgbẹ́ dúdú tó pò mọ́ gírísì, àti òkú eku kan láàárín rẹ̀. Afínjú pe ìyàwó rẹ̀ kíákíá. “Wá wo ohun tí o torí ẹ̀ ń sá fún mi.” Obìnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Rìwáyà fi ẹ̀mú gbé eku náà lọ sí ààtàn. Ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó tú àkísà imú rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò rùn. Àmọ́ inú Afínjú ń dùn, kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ eku bà á jẹ́, ó sọ ọ́ nù.

Wọ́n de ẹ́ńjìnnì tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n fi bẹ́líìtì kọ́ ọ, wọ́n kan àpótí mọ́ ògiri. Afínjú fọ gbogbo ilé náà pẹ̀lú oògùn apakòkòrò, títí ojú gbogbo wọn fi ń ta.

Ìyá Onípọ́ǹpù dé lọ́jọ́ kejì, ó rọra fi imú fa afẹ́fẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé bá tọkọtìyàwó náà àti Rìwáyà. Afínjú ti irin bọnu léètì, ó yí bọ́tìnnì. Léètì gbéra jẹ́jẹ́. Kò sí ariwo, ó kàn ń kùn, irin sì ń ṣí kúrò lára ọ̀pá bí èèpo ọsàn. Ìyá náà yìn ín. Ó sún mọ́ ọn kó lè rí i dáadáa, ó sì fa ìborùn bo imú.

Afínjú rí i. Ó yára sọ pé ti eku yẹn ló ṣẹ́ kù, kí wọ́n má dá a lóhùn, kí wọ́n wá wo bí òun ṣe ń dín eré léètì kù. Ó yí bọ́tìnnì wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí léètì fi dúró.

Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́, síbẹ̀ nǹkan kan ṣì ń kùn. Rìwáyà fi etí ti àpótí, kì í ṣe ibẹ̀. Ó fi etí ti ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe ibẹ̀. Ìyá Onípọ́ǹpù ní eṣinṣin ni.

Ìyàwó ló tọ ìró náà lọ, ó kúnlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ ọ̀tún sókè, eṣinṣin tú dìde lẹ́nu bàtà tí ìdin ti ń yọ, Afínjú sì rọra jókòó lórí àga bàbá rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi bíi ti bàbá mi.”