Ó Tilẹ̀kùn Mọ́ Àbúrò, Ó Ṣílẹ̀kùn fún Olè

Ẹ má tíì fi ìka tì í kọjá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán dé ìsàlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí owó yín ń gbé inú fóònù.

1.

Ọkùnrin alágbàfọ̀ kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Ìfura. Bí ẹ bá fún un lówó, á kọ́kọ́ gbé e sókè sí oòrùn kó tó fi í sápò. Bí ẹ bá kí i "ẹ káàárọ̀", á wo ẹ̀yìn yín kó tó dáhùn. "Ìfura loògùn àgbà" ló máa ń sọ, oògùn náà sì ti wọ̀ ọ́ lára jù.

Òun àti àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń fọṣọ, àbúrò ń lọṣọ. Ọdún ń gorí ọdún, ẹ̀yìn ń dun ẹ̀gbọ́n, wọ́n wá ń tọ́jú owó pọ̀ láti ra ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá. Àkáǹtì ẹ̀gbọ́n ni owó àwọn méjèèjì ń wọ̀.

Ká má parọ́, fóònù tù wọ́n lára. Wàhálà ṣéńjì tán. Wọ́n kọ orúkọ, nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà fóònù gàdàgbà sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà á sanwó láti orí àga ilé rẹ̀, àláàtì á dún, aṣọ á lọ.

2.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wà nínú ọṣẹ, oníbàárà kan sì ń kánjú. Àbúrò gbé fóònù láti wò ó bóyá owó ti wọlé.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?"

"Owó oníbàárà ni mò ń wò, ẹ̀gbọ́n."

"Ó ti pẹ́ tó o ti ń wò ó."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ti yí nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ padà, tó sì ń gbé fóònù wọ ilé ìwẹ̀.

3.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìpè kan wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Láti báńkì yín ni." Ohùn náà tutù, ó sì mọ orúkọ rẹ̀. "Ẹnìkan ń gbìyànjú láti kó owó yín. Ṣé ẹnìkan wà nítòsí yín tó máa ń fọwọ́ kan fóònù yín?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ wò ó dáadáa. Olè yìí ò mọ̀ pé àbúrò kankan wà láyé. Ìfura fúnra rẹ̀ ló sọ fún un.

"Àbúrò mi! Mo mọ̀! Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

"Ẹ rọra, sà, kó má gbọ́. Ẹ bọ́ sí kọ̀rọ̀."

Ó wọ yàrá tí wọ́n ń kó aṣọ mímọ́ sí, ó tilẹ̀kùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé, nọ́ńbà wà nínú rẹ̀. Ohùn náà ní kó kà á jáde, káwọn lè fi ti àbúrò rẹ̀ síta. Bó ṣe ń kà á lọ́wọ́ ni ẹnìkan ń gbá ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ̀ ń ka nọ́ńbà fún? Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni o!"

"Ó ti dé ẹnu ọ̀nà," ni ẹ̀gbọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú fóònù.

"Ẹ ò rí nǹkan, sà? Ẹ tètè kà á tán."

Ó kà á tán.

4.

Ohùn náà ní kó pa fóònù títí di ọ̀sán, ó sì pa á. Nígbà tó tàn án, àláàtì ń já lu ara wọn. Owó ẹ̀rọ ti lọ pátápátá. Ó já síta, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́rùn ẹ̀wù lójú àwọn oníbàárà.

"Olè! O ti ṣe é kí báńkì tó dá ẹ dúró!"

"Èmi kẹ̀, ẹ̀gbọ́n?"

"Tú àpò ẹ!"

Àbúrò tú àpò méjèèjì síta. Bọ́tìnnì kan ló já bọ́, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà tó fẹ́ bá a rán padà. Ó gbé e sórí tábìlì, ó yọ áyọ́ọ̀nù kúrò nínú iná kó má bàa jó aṣọ, ó sì jáde.

5.

Ìfura sáré lọ sí báńkì, ó fẹ́ fi àbúrò rẹ̀ sùn. Obìnrin tó jókòó nídìí tábìlì gbọ́ ọ tán.

"Bàbá, ẹ ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí nọ́ńbà yẹn bá wá sí mi létí."

"'Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà yìí, ì báà jẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì...'"

"Ẹni tó pè yín kì í ṣe tiwa, bàbá. Orúkọ yín tó pè, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kà á lára pátákó yín. Ká ní ẹ pè wá lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá à bá rí i dí. Ní báyìí, wọ́n ti kó o gba ibòmíì lọ."

6.

Ó bá àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ mìíràn, ó ń lọṣọ. Omi bọ́ lójú àgbà.

"Àbúrò mi, forí jì mí. Olè ló lù mí ní jìbìtì."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Owó lọ, mi ò tìtorí ẹ̀ bínú."

"Ó dáa, jẹ́ ká máa lọ."

Àbúrò yí ẹ̀wù tó ń lọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. "Olè yẹn ò mọ̀ mí rí. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ mí láti kékeré."

Kò tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbọ́n ló ń fọ̀ báyìí, òun náà ló ń lọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, fóònù dára, ẹ máa lò ó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ojú yín nìkan ló wà fún. Báńkì ò ní pè yín pé kí ẹ kà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ má sọ fún ará ilé yín, ẹ pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu, kí ẹ sì pariwo fún ará ilé. Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, báńkì ni kí ẹ kọ́kọ́ pè kí ẹ tó pe ọmọ ìyá yín lólè. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, pàápàá àwọn tó ní ẹnikẹ́ni ò lè rẹ́ àwọn jẹ. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀.