Ersilia Kò Dúró sínú Bọ́ọ̀sì

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró sínú bọ́ọ̀sì. Òkè yìí le jù fún yín."

Carmine tó ń mú àwọn arìnrìn-àjò káàkiri ló ń bẹ ìyá arúgbó kan, Ersilia.

"Ṣé ìjókòó bọ́ọ̀sì ni mo wá wò?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ìyá ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti kọjú sí Vesuvio, òkè tó máa ń yọ iná.

Láàárọ̀, nínú àwókù ìlú Pompei, gbogbo wọn ń ya fọ́tò níwájú ère àwọn tí eérú òkè yìí bò mọ́lẹ̀ láyé àtijọ́.

Ìyá nìkan ni kò yà. Ó kàn ń wo òkè náà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń pòṣé.

Ní báyìí, òkúta ń yọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ṣùgbọ́n kò dúró.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká padà."

"Ìwọ máa padà. Ṣebí o mọ̀nà ilé."

Wọ́n dé etí ihò ńlá tó wà lórí òkè. Èéfín ń rú lára àpáta.

Ìyá di irin ìdènà mú, ó lọgun sínú ihò náà: "Mo ṣì wà o! Ṣé o rí mi?"

Ẹnu ya Carmine. "Màmá, kí ni òkè yìí fi ṣe yín gan-an?"

"Lọ́dún 1944, iná rẹ̀ ṣàn wọ San Sebastiano, ìlú wa, ó sì bo ilé wa mọ́lẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà ni màmá mi ti ń sá lọ, ibẹ̀ ló sì bí mi sí."

Ó nu òógùn ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Òní ló pé ọgọ́rin ọdún géérégé. Ó rí ilé wa gbà. Kò rí èmi gbà."