Ààwẹ̀ Lórí Omi

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ lójú omi Yúróòpù. Ẹja yíyan kẹta wà níwájú Ẹniìtàn.

Fóònù dún.

"Tabitha, Pásítọ̀ ni!"

Ìyàwó rẹ̀ gbé ṣíbí sílẹ̀ kíá.

Ẹni tó bá gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún tí ìjọ wọn wà lẹ́nu rẹ̀ yìí pé ni wọn yóò fi jẹ Bàbá Ìjọ.

"Ibo lẹ wà, Bọ̀dá?"

"Ilé ni, sà, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀fun wa ti gbẹ."

"Ẹ fara dà á. Nílé tiwa níbí, ìyàwó mi ò lè dìde lórí ẹní mọ́."

Fèrè ọkọ̀ ké tòò. Ẹniìtàn sáré fọwọ́ bo fóònù.

Fèrè kan náà ń ké nínú fóònù, lọ́dọ̀ Pásítọ̀.



"Bàbá Ìjọ," Pásítọ̀ rọra wí, "ṣé ẹja yíyan ṣì kù lápá ibẹ̀ yẹn? Ó ti tán lọ́dọ̀ wa."