Ibi Tí Epo Ń Gbà Lọ

“Rárá o, Màmá, ẹ má tíì gbèjà ẹ̀. Èèyàn ló ń purọ́, mọ́tò kì í purọ́.”

Tíṣà ló ń sọ̀rọ̀. Ó dúró láàárín páálọ̀ bíi pé iwájú pátákó ìkọ̀wé ló wà, ó ń nàka sójú fèrèsé, níbi tí mọ́tò wà tòun ti wáyà ṣájà lára. Àwọn òbí ìyàwó ẹ̀ jókòó sórí àga gígùn. Òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n. Ìyàwó ẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú eegun, jókòó ti ìyá ẹ̀. Kò tíì bọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó káwọ́ lé itan, kò wo ẹnikẹ́ni.

“Kí ni mọ́tò wá sọ?” ni Bàbá, baba ìyàwó, bi í. Káfíńtà ni kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í fẹ́ ọ̀rọ̀ tó wọ́.

Tíṣà ṣàlàyé. Mọ́tò yìí ń mu epo, ó sì tún ń lo iná. Téèyàn bá ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì títí di àárọ̀, bíi fóònù, iná yẹn á gbé e débi iṣẹ́, á tún gbé e padà wálé. Ìgbà tí ìrìn bá jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹ́ńjìnnì á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bátìrì, tí epo á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ọsibítù ò jìnnà. Ìyàwó ló ń gbé mọ́tò. Òun Tíṣà ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé, kí ikùn ẹ̀ lè fà. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń ki wáyà náà bọ mọ́tò nírọ̀lẹ́, bí ẹni ń fọ́mọ lọ́yàn.

“Epo tí mo rà sínú ẹ̀, Bàbá, ó yẹ kó sùn síbẹ̀ títí á fi hu irùngbọ̀n. Ṣùgbọ́n ó ń gbẹ.”

“Bóyá ó ń jò,” ni Màmá wí.

Ohun tí Tíṣà náà kọ́kọ́ rò nìyẹn. Kò fẹ́ fura sí ìyàwó ẹ̀. Ó fura sí aládùúgbò tó ní jẹnẹrétọ̀, kò sì kí ọkùnrin náà mọ́. Lẹ́yìn náà ó fura sí mọ́tò. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò lókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò nísàlẹ̀. “Tíṣà, ara mọ́tò yín le ju tèmi tiyín lọ,” ló wí. “Ẹni tó ń wà á ló ń rìn jìnnà.” Tíṣà bínú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì mìíràn. Ohun kan náà nìyẹn sọ, àmọ́ òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Tíṣà wá bi ìyàwó ẹ̀ léèrè, ó ní, “Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀,” ó sì lọ gbé omi kaná.

“Àga iwájú, ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ńkọ́?” Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Ìgbà gbogbo ni mo ń bá a pé wọ́n ti tì í sẹ́yìn pátápátá. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni. Ó tún ń fi ìpara kan para, èyí tó ń ta nímú, irú èyí táwọn agbábọ́ọ̀lù fi ń ra ẹsẹ̀.”

“Agbábọ́ọ̀lù?” ni Màmá wí. “Ọmọ mi tí kì í wo bọ́ọ̀lù?”

“Màmá, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá.”

Bàbá wúkọ́. Ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. “Ṣé o máa ń gbé èèyàn sínú mọ́tò yìí?”

“Mo máa ń gbé èèyàn, Bàbá.”

“Ẹ gbọ́ nǹkan!” Tíṣà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wá jókòó. “Ẹ fetí ara yín gbọ́ ọ.”

“Ẹ jẹ́ ká wọ yàrá,” ni ìyàwó sọ fún un. “Èmi pẹ̀lú yín nìkan. Màá sọ ọ́ fún yín níbẹ̀.”

“Rárá! Ojú àwọn òbí mi lo ti máa sọ ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ṣèlérí fún wọn.”

“Fún wọn? Ṣé wọ́n tún pọ̀ ni?”

Omi lé sójú Tíṣà, kò sì nù ún.

“Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mi ò lẹ́nì kan láyé. Nígbà tí mo wá tọrọ ọmọ yín, ọ̀gá iléèwé wa ni mo bẹ̀ pé kó wá dúró fún mi. Màmá ní kí n má sunkún, pé láti ọjọ́ yẹn lọ àwọn ti di ìyá mi. Ṣé irú èyí ló yẹ ọmọ òrukàn?”

Màmá fi etí aṣọ nu ojú. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti wọlé wọn, òun ló máa ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, kó tó kan àwọn tó fúnra ẹ̀ bí. Ó dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ẹ̀, ó lọ jókòó ti Tíṣà, ó di ọwọ́ ẹ̀ mú.

Ìyàwó wo ìyá ẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó wo àyè tó fi sílẹ̀.

Bàbá náà dìde. “Dárúkọ ẹni náà báyìí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọlé lọ kó ẹrù ẹ, ká jọ máa lọ. Mi ò ní lójú tí màá fi wo ọkùnrin yìí mọ́.”

“Kó dárúkọ ẹ̀,” ni Tíṣà wí. “Kí gbogbo wa gbọ́.”

Ìyàwó gbójú sókè, ó wo ọkọ ẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́ láti ìrọ̀lẹ́.

“Ìyá yín tí ẹ sọ fún wa pé ẹ ti sin ni mo ń gbé wá sọ́sibítù, tí mo tún ń gbé padà sílé wọn, torí orúnkún wọn ò ká mọ́, àwọn náà ló bẹ̀ mí pé kí n má sọ, kí ojú má baà tì yín lọ́dọ̀ àwọn àna yín.”