Wọ́n Ní Ó Rọrùn: Ìtàn Ọkọ̀ Tí Wọ́n Yọ Jíà Ọwọ́ Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ibi tó parí sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀gá kan yí ìdáhùn ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn padà, ó sì fi orúkọ obìnrin tó gba ìdáhùn náà sí abẹ́ irọ́ rẹ̀. Ohun tó ṣe nìyẹn. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí.

1.
Ilé iṣẹ́ kan wà tó máa ń ṣe ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè ní Agòkè. Ọkọ̀ ẹrẹ̀ ni, ọkọ̀ àpáta, ọkọ̀ ibi tí ọ̀dà kò dé. Ó ti tó ogún ọdún tí wọ́n ti ṣíwọ́ ṣíṣe é kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ jí i dìde. Àríyànjiyàn kan ló kù: ṣé kí Agòkè tuntun ní jíà ọwọ́, èyí tí awakọ̀ máa ń yí fúnra rẹ̀, àbí kó jẹ́ ọtomátíìkì nìkan, èyí tí ọkọ̀ máa ń bá a yí?

Wọ́n rán obìnrin tó ń dán ọkọ̀ wò fún wọn pé kó fi fọ́ọ̀mù lọ bi ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tó ṣì ń wa Agòkè àtijọ́. Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí bàtà rẹ̀ kì í mọ́. Àwọn tó ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì ti bẹ̀ ẹ́ títí ó ti sú wọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń fi Agòkè gbé aláìsàn fún ilé ìwòsàn orí òkè, ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Tí mo bá kọ ọ́, ṣé wọ́n á kà á?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi í.

"Bùọ̀dá mi, ọwọ́ ara mi ni mo máa fi fà á lé wọn lọ́wọ́."

"Ó dáa. Orúkọ tìẹ ni mo gbẹ́kẹ̀ lé o, kì í ṣe tiwọn."

2.
Ìbéèrè méjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà. Àkọ́kọ́: ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ̀ yìí rọrùn láti wà? Gbogbo wọn kọ "bẹ́ẹ̀ ni". Ta ló máa kọ "rárá"? Èkejì: kí ló máa jẹ́ kó rọrùn fún yín? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín. Púpọ̀ nínú wọn kọ jíà ọwọ́, torí tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kìíní ló ń di ọkọ̀ mú kó má sáré. Àwọn mìíràn, bíi nọ́ọ̀sì tí orúnkún ẹsẹ̀ òsì tó fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì ń dùn, kọ ọtomátíìkì. Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ wá kọ ọ́ síwèé pé: ẹ ṣe méjèèjì, kí oníkálùkù yan tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà ti lọ sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣíṣe oríṣi méjì á sì dá a dúró. Ló bá yọ ìbéèrè kejì kúrò. Ó kọ ọ́ sínú ìwé Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ pé: ọ̀ọ́dúnrún awakọ̀ fẹ́ ọkọ̀ tó rọrùn, ọtomátíìkì nìkan ni wọ́n fẹ́.

"Sà, èmi kọ́ ni mo kọ èyí," ni Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ sọ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n kà á nípàdé.

"Ṣé wọn ò ní àwọn fẹ́ kó rọrùn ni?" ọ̀gá bi í.

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀, sà, àmọ́..."

"Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀, lọ fọ bàtà ẹ ná."

Yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ìwé náà jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gàdàgbà nísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é.

"Èmi ni mo sọ pé mi ò fẹ́ jíà ọwọ́ mọ́?"

"Bùọ̀dá, kì í ṣe èmi."

"Orúkọ ta wá ni mo ń wò yìí?" Ó gé fóònù. Kò pè é mọ́.

3.
Ọ̀gá ní òkè ilé ìwòsàn yẹn gan-an ni òun ti máa fi Agòkè tuntun han aráyé, òun ló sì máa wà á. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ó gùn ún dókè, àwọn oníròyìn pàtẹ́wọ́. Kó tó sọ̀ kalẹ̀, Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ sá bá a lójú fèrèsé.

"Sà, ẹ tẹ bọ́tìnì yẹn kó lè dúró sí jíà kékeré. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọkọ̀ yìí mọ ohun tó ń ṣe."

Kò tẹ̀ ẹ́. Ní ìdajì òkè, ọkọ̀ yí jíà sókè fúnra rẹ̀, ó sì gba eré. Ọ̀gá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, táyà yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ọkọ̀ tuntun ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú kòtò. Apá ọ̀gá kán.

Ta ló máa gbé e dé ọsibítù ńlá nísàlẹ̀? Agòkè àtijọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ fi sí jíà kìíní, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ọkọ̀ ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ìyá tó pọn ọmọ.

"Kí ló ṣe tí kò fi yọ̀?" ọ̀gá béèrè láti ẹ̀yìn, ó ń mí gúlegúle.

"Ìrọ̀rùn tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù nìyí, sà."

Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ di apá ọ̀gá mú títí wọ́n fi dé ìsàlẹ̀.

4.
Kí oṣù tó parí, àwọn tó fẹ́ ra Agòkè ti sá lọ, ọ̀gá sì ti kúrò lórí àga. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ wá pe Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀, wọ́n fún un ní bébà kan pé kó fọwọ́ sí i kí àwọn oníbàárà lè padà wá: gbogbo awakọ̀ ní àwọn kò fẹ́ ọtomátíìkì rárá.

"Nọ́ọ̀sì olórúnkún ńkọ́?" ló bi wọ́n.

"Ẹnì kan ṣoṣo!" ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

"Mọ́kànlélógójì ni àwọn tó kọ ọtomátíìkì, sà. Irọ́ yẹn náà ni ẹ tún ń pa, ẹ kàn yí i sódì ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, mo bẹ̀ yín: tí ẹnìkan bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rán yín, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán yín. Ẹ má gé e kó lè bá ohun tí ẹ fẹ́ mu. Ẹ má sì rò pé ohun tó rọrùn fún yín ló rọrùn fún gbogbo ayé. Ẹni tí òkè wà níwájú ilé rẹ̀ ni kí ẹ bi.

Àǹtí Ẹlẹ́rẹ̀ kò fọwọ́ sí bébà náà. Ó gbé páálí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, gbogbo ọ̀ọ́dúnrún, sínú Agòkè kan tó ti gbó, ó fi ẹsẹ̀ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fi sí jíà kìíní, ó sì forí lé òkè láti lọ dá ìwé oníkálùkù padà fún un, kí wọ́n lè fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà sí.