Ẹ̀jẹ̀ Inú Fíìmù

Òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti eyín bọ ọrùn ìyàwó tuntun kan nínú fíìmù nígbà tí fóònù ọkùnrin kan tó ń wò ó dún. Ọsibítù ló yẹ kó wà, kó fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ìbẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló jẹ́ kó yà sí ilé sinimá. Fíìmù àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe ni, ó sì rò pé kò ní dára, pé òun á tètè dìde. Àṣé yóò dùn wọra. Ó gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pátápátá.

Ìyá rẹ̀ ló pè. "Ọmọ mi, o ṣeun o! Ẹ̀gbọ́n ẹ ti lajú. Ìyàwó ẹ ní o ti fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, pé o lọ gba atẹ́gùn. Ṣé kò dùn ẹ́ jù?"

"Rárá, Màmá."

Ó sáré dé ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ti funfun, òwú tí wọ́n fi dí ojú abẹ́rẹ́ ṣì wà ní apá rẹ̀.

Ìyá gbé mílíìkì gbígbóná jáde, ó sì fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Mu ún, kí ẹ̀jẹ̀ ẹ lè padà."

Ọkùnrin náà wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ rọra fa ọwọ́ aṣọ bo òwú náà.

"Ẹ mu ún," ló sọ, "kó tó tutù."